Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Iyè Àwọn Àgbà

Ní Sábó, ní Ṣágámù, níbi tí a ti ń ka obì gbànja sínú agbọ̀n kí ó tó lọ sí Òkè Ọya, iyè ni ìwé òǹkà ọ̀pọ̀ àwọn ìyá. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wá ń ṣi obì kà, tí ó ń béèrè ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú, tí ó sì ń rìn kiri lóru, kì í pẹ́ kí ará àdúgbò tó pè é ní àjẹ́. Ìwà ìkà ni èyí, ẹ̀yin ará. Àìsàn ọpọlọ ni. Iyè rẹ̀ ni ó ń rà.

Àwọn ọmọ a máa béèrè pé, “Ṣé àwa náà yóò jogún rẹ̀ bí?” Ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín ni a ti wá ìdáhùn rí. Láti 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, tí ó di olóògbé ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì, àti Dókítà Hendrie ti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, ti ń bẹ àwọn tí ó ti pé ọdún 65 wò, ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti láàrin àwọn ènìyàn dúdú ìlú Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé, nínú 1,000 àgbà, bí 13 tàbí 14 ni iyè wọn ń bẹ̀rẹ̀ sí í rà lọ́dún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, 32 ni.

Àbùdá kan wà tí a ń pè ní APOE, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ gbígbé ọ̀rá kiri nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ọpọlọ. Ọ̀kan ni a ń gbà lọ́wọ́ bàbá, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Irú rẹ̀ tí a ń pè ní e4 ni ó léwu, kò sì ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ ní 2014, ẹni tí ó gbà á láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni ewu náà hàn lára rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó gba ọ̀kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní i rárá.

Ṣùgbọ́n ní 2011 wọ́n ti rí i pé àwọn àgbà tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣubú sínú àìsàn yìí ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bọ́ ọpọlọ, àwọn iṣan tí ó ń gbé e sì tín-ín-rín bí òwú. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ru a máa sọ wọ́n di líle, a máa dín ojú wọn kù, títí ibi kéékèèké nínú ọpọlọ yóò fi máa kú láìdún, bí ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ tí ojú omi rẹ̀ dí. Àgbẹ̀ tí ó lè kọ igba ebè lóòjọ́ lè ní in láìmọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, kí a lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wa. Bí ó bá ń dé 140 lórí 90 léraléra, kí a gba ìtọ́jú, kí a dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, kí a má sì ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara yá. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń rà, kí a má ṣe bá a jiyàn. Kí a ti ìlẹ̀kùn lálẹ́, kí ẹnìkan sì sùn tì í. Ìgbàkúùgbà tí a bá wọn ẹ̀jẹ̀, kí a kọ òǹkà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ náà nínú àlùmánákì yìí, nítorí dókítà yóò béèrè ti ìṣáájú.