Òótọ́ àbí irọ́? Wọ́n ní ìbéèrè LDAP kò ṣeé kà lójú ọ̀nà

Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ àti yunifásítì, ibì kan ṣoṣo ni orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà sì ti ń wádìí ẹni tó fẹ́ wọlé. LDAP ni ìlànà tí wọ́n fi ń béèrè. Àtẹ̀jáde rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1993.

"Bí ìbéèrè bá ti di báìtì, kò sẹ́ni tó lè ka páásíwọ́ọ̀dù inú rẹ̀ mọ́."

Irọ́ ni, ó sì léwu. Òótọ́ ni pé LDAP kì í kọ ìbéèrè rẹ̀ bí ìwé tí ojú lè kà. BER ló ń lò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ BER kò ju kó sọ irú ohun tó ń bọ̀, kó sọ bó ṣe gùn tó, kó sì gbé e kalẹ̀. Ká ní ẹnì kan fi páásíwọ́ọ̀dù iroko wọlé, lọ́nà tí wọ́n ń pè ní simple bind. Ohun tó máa gba orí wáyà kọjá rèé: 80 05 69 72 6f 6b 6f. 80 ní páásíwọ́ọ̀dù ló ń bọ̀, 05 ní báìtì márùn-ún ni. Márùn-ún tó kù ni i, r, o, k, o, láìpa ọ̀kan dà. Ẹni tó bá fi Wireshark fetí kọ́ pọ́ọ̀tì 389 á kà á bí ẹní ka ìwé ìròyìn. TLS ló ń bò ó: ẹ pe StartTLS kí páásíwọ́ọ̀dù tó gbéra, tàbí kí ẹ gba pọ́ọ̀tì 636.

"Bí páásíwọ́ọ̀dù bá ṣófo, sáfà á lé onítọ̀hún padà."

Kì í ṣe gbogbo ìgbà, èyí gan-an ló ń ká mi lára jù. Bí orúkọ bá wà, tí páásíwọ́ọ̀dù sì jẹ́ 80 00, àwọn sáfà kan á dáhùn pé ó yọrí, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Áàpù tó bá gba ìdáhùn yẹn bí ẹ̀rí ti gba àjèjì wọlé nìyẹn. Láti 2006 ni RFC 4513 ti ní kí sáfà máa kọ̀ ọ́, kí áàpù pàápàá má sì gba òfìfo.

"Gígùn tí ìbéèrè bá pe ara rẹ̀ la ó gbà gbọ́."

Irọ́. Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 30 84 ff ff ff ff ń sọ pé báìtì tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin ló ń bọ̀ lẹ́yìn òun, ẹni tí kò tíì wọlé rárá sì lè fi í ránṣẹ́. Kí ẹni tó ń kọ sáfà fi òdiwọ̀n lé e kó tó ya mẹ́mórì kankan sọ́tọ̀, kó sì já ìlà ẹni tó bá kọjá rẹ̀.