Owó Nìkan Kò Lè Dí Ihò Ilé

Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Òtútù àti owó gáàsì ni ẹkún wọn. Ilé àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ooru tí wọ́n fi owó rà ń gba òrùlé àti ògiri sá lọ.

Ta ni yóò tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe? Ayálégbé ni ó ń san owó gáàsì, ṣùgbọ́n onílé ni ó ni ògiri. Nítorí náà ni òfin fi dá sí i. Wọ́n ń wọn ilé láti A, tí ó dára jù, dé G. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, onílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ fi ayálégbé sínú ilé tí kò tó E, àfi èyí tí òfin bá yọ̀ǹda.

Owó ńkọ́? Ní 2020 kan náà, ìjọba ya £1,500,000,000 sọ́tọ̀ láti ran onílé lọ́wọ́. 600,000 ilé ni wọ́n fọkàn sí. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì pa á dé ní oṣù kẹta 2021. Ilé tí wọ́n rí tún ṣe kò tó 50,000. Àwọn oníṣẹ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí kò pọ̀ tó, àyè kò sì sí láti kọ́ àwọn mìíràn.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé owó kì í ra ohun tí kò sí lọ́jà. Èmi olùkọ́ náà mọ̀ pé oṣù mẹ́fà kò lè sọ ọmọṣẹ́ di ọ̀gá. Ìjọba tí ó bá fẹ́ tún ilé ṣe, kí ó kọ́ oníṣẹ́ ná, kí ó tó tú àpò.