Omi ìdọ̀tí iléeṣẹ́: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó ra ẹ̀rọ ayẹ̀wò

Àwọn aláró, àwọn alápatà, àwọn tó ń ta oúnjẹ àtàwọn tó ń ṣe ohun mímu, kò sí èyí tí kì í da omi nù lójoojúmọ́ nínú wọn. Ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti aró ló máa ń wà nínú omi bẹ́ẹ̀. Tó bá dé odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdọ̀tí náà, bí wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń lo ọ́síjìn inú odò tán. Ẹja á kú, odò á máa rùn, àwọn aláṣẹ á sì wá oníléeṣẹ́ wá.

Àyẹ̀wò tí wọ́n mọ̀ jù fún irú ìdọ̀tí yìí ni BOD. Wọn á bu omi náà sínú ìgò, wọn á gbé e síbi tó ṣókùnkùn fún ọjọ́ 5, lẹ́yìn náà ni wọn á wo iye ọ́síjìn tó ti lọ nínú ẹ̀. Èyí ni pé omi tí wọ́n bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó di Sátidé kí èsì ẹ̀ tó jáde. Nígbà yẹn, omi ọ̀hún ti dódò tipẹ́.

Ìdí nìyí táwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń lo ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni TOC, tó máa ń jó ìdọ̀tí inú omi, tó sì máa ń wọn èéfín kábọ́ọ̀nù tó bá jáde. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èsì ti dé. Ìkejì máa ń tan iná ultraviolet, tí ojú kì í rí, sínú omi. Bí ìdọ̀tí bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà á ṣe dínkù tó. Kì í lo kẹ́míkà, ìtọ́jú ẹ̀ sì rọrùn ju ti TOC lọ.

Àmọ́ ibẹ̀ gan-an lowó ti lè ṣòfò. Ẹ̀rọ oníná yìí kì í rí ṣúgà àti ọtí. Ẹni tó ń ṣe ohun mímu aládùn tó bá rà á, ẹ̀rọ lè máa sọ fún un pé omi ẹ̀ mọ́, nígbà tí ìdọ̀tí ń pa ẹja nísàlẹ̀ odò. TOC ló máa rí irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, bí ọ̀rá bá bo gíláàsì ẹ̀rọ oníná náà, irọ́ ni yóò máa pa. Ó gbọ́dọ̀ sí ẹni tí yóò máa nù ún déédéé.

Nítorí náà, kí oníṣòwò tó náwó, kó kọ́kọ́ gbé omi ẹ̀ lọ sí láàbù. Kó bu ti àárọ̀, kó bu ti ìgbà tí wọ́n ń fọ ohun èlò, kó sì bu ti ìrọ̀lẹ́, nítorí wọn kì í rí bákan náà. Kó bi àjọ tó ń mójú tó àyíká, bíi LASEPA l'Ékòó tàbí NESREA tí ìjọba àpapọ̀, nípa irú èsì tí wọ́n ń gbà. Kó sì máa kó ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ kúrò kó tó da omi nù. Èyí tí kò bá wọ gọ́tà, kò sẹ́ni tó máa ná owó ẹ̀rọ lé e lórí.