Ẹ Wo Ọrùn Sílíńdà Kí Ẹ Tó Ra Gáàsì

Ní ọjọ́ kan a gbé sílíńdà oníkílò 12.5 lọ sí ibi tí a ń rọ gáàsì ní Ìkìrun. Gáàsì bíi kílò 2 ṣì kù nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń rọ ọ́ fẹ́ da odindi kílò 12.5 lé e lórí. A dá a dúró. Ó sì wò wá bí ẹni tí owó ń dùn. Ṣùgbọ́n omi ni gáàsì inú irin náà. Bí oòrùn bá pa á, yóò wú, ó sì yẹ kí àyè kù fún un. Irin tí ó kún bámúbámú lè bú.

A ti fín ìwọ̀n irin náà ní òfìfo sí ọrùn rẹ̀. Tiwa jẹ́ 13.2. Ẹ fi 12.5 kún un, ó di 25.7. Bí òṣùwọ̀n bá ti dé ibẹ̀, ó tó. Owó kílò 10.5 péré ni a san.

Ẹni tí ń ti Ìnísà tàbí Òkukù wá lè yan oníkílò 6, nítorí kò ṣòro láti gbé nínú mọ́tò. Ìnàró ni kí ó wà, kì í ṣe ìdùbúlẹ̀ lẹ́yìn alùpùpù! Èyí tí ìpẹtà ti jẹ ìdí rẹ̀, ẹ má rà á, bí ó ti wù kí ó pọ̀ọ́kú tó.

Bí ẹ bá délé, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ẹnu rẹ̀ àti rọ́bà rẹ̀. Bí ó bá ń hó, gáàsì ń jò. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń bà sí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má ṣe ṣáná.