Ìlù, Fóltéèjì, Ìjẹná àti Ìwọ̀n Ìgbóná: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Fífi Aṣèṣirò Kọ̀ǹpútà Alágbèéká sí Ìwọ̀n

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ya ohun mẹ́rin sọ́tọ̀, èyí tí a máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn nígbà tí a bá ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń yára àti bí ó ṣe ń gbóná. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí a ṣe fún eré orí kọ̀ǹpútà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé nínú irú rẹ̀ ni ìyára àti ooru ti ń bá ara wọn jìjàkadì jù lọ. Kì í ṣe àwọn tí ń ṣeré nìkan ni ó ń lò ó. Ẹni tí ń to fíìmù pọ̀ àti ẹni tí ń ya ọnà aṣọ lórí kọ̀ǹpútà náà ń lò ó.

Bí a bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó “dín agbára kọ̀ǹpútà kù”, kí ni kí ó dín kù? Ọ̀rọ̀ náà “agbára” lè tọ́ka sí ìyára, ó lè tọ́ka sí iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, ó sì lè tọ́ka sí ohun tí ń ti iná gba inú wáyà. Ọ̀rọ̀ náà “iná” kò sàn jù ú lọ. Aṣìṣe níhìn-ín kì í ṣe ti ẹnu lásán: ẹni tí ó bá gbé ọ̀kan sókè níbi tí ó yẹ kí ó gbé òmíràn lè ba ẹ̀rọ olówó iyebíye jẹ́.

Ètò Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ọ̀nà kan náà ni a ń tọ̀ níhìn-ín.

2. Àwọn ohun mẹ́rin náà

Aṣèṣirò ni a ó máa pe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí ń ṣe ìṣirò gbogbo. A kò pè é ní “ọpọlọ”, nítorí pé iṣẹ́ ìrántí wà nínú ohun tí ọpọlọ ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà mìíràn ni ó ń ṣe ìyẹn nínú kọ̀ǹpútà.

(a) Ìlù. Aṣèṣirò kì í gbé ẹsẹ̀ láìsí ìlù. Bí oníjó ti ń tẹ̀lé onílù ni ó ń tẹ̀lé ìró kan tí ń lù lọ déédéé. Bí ìlù bá yá, ìṣísẹ̀ á yá. Gígahẹ́ẹ̀sì kan jẹ́ ìlù bílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí aṣèṣirò bá fi ìgbà díẹ̀ yára kọjá ìlù ìpìlẹ̀ rẹ̀, a ó sọ pé ó ń sá eré àsápajúdé.

(b) Fóltéèjì. Èyí ni ìwọ̀n bí a ṣe ń ti iná gba inú wáyà. A kò wá ọ̀rọ̀ tuntun fún un, nítorí pé ẹnu àwọn oníṣẹ́ iná kò kúrò lórí rẹ̀.

(d) Ìjẹná. Iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan nìyí. Wáàtì ni a fi ń kà á. Àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́ pé, “Ẹ̀rọ yìí ń jẹ iná jù.” Inú gbólóhùn yẹn ni a ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Ààlà tí a pa fún un ni gbèdéke ìjẹná.

(e) Ìwọ̀n ìgbóná. Èyí yàtọ̀ sí ooru. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ń ṣe àdìrẹ alábẹ́là ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Àwo àbẹ́là yíyọ́ kékeré kan àti ìkòkò ńlá kan lè ní ìwọ̀n ìgbóná kan náà, ṣùgbọ́n ooru tí ó wà nínú ìkòkò pọ̀ ju ti inú àwo lọ. Ìwọ̀n ìgbóná ni aláàdìrẹ ń ṣọ́: bí àbẹ́là kò bá gbóná tó, orí aṣọ lásán ni yóò dì sí, aró yóò sì wọ abẹ́ rẹ̀, bí ó bá gbóná jù, yóò ṣàn kọjá ibi tí a fẹ́.

3. Bí wọ́n ṣe tan mọ́ ara wọn

Òfin tí ó so wọ́n pọ̀ kò le. Ìjẹná aṣèṣirò ń pọ̀ sí i bí ìlù ṣe ń yá sí i, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i ní ìlọ́po fóltéèjì lọ́nà fóltéèjì. Bí a bá dín ìlù nìkan kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìjẹná yóò di 0.9 ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fóltéèjì nìkan ni a dín kù bẹ́ẹ̀, yóò di 0.9 × 0.9, èyí tí í ṣe 0.81. Bí a bá dín méjèèjì kù, yóò di 0.73 tàbí kí ó sún mọ́ ọn. Aṣèṣirò tí ń jẹ 90 wáàtì yóò wá máa jẹ nǹkan bí 66. A pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyára, a sì bọ́ lọ́wọ́ ìdá tí ó ju mẹ́rin-ín kan ooru lọ. Ìjẹná kékeré kan wà tí kò sinmi lé ìlù, ṣùgbọ́n kò yí ẹ̀kọ́ náà padà.

Ìdí nìyí tí eré ìlù fi dúró. Aṣèṣirò Intel 4004 ti 1971 ń lọ ní ìlù 740,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 2004, Pentium 4 ti dé gígahẹ́ẹ̀sì 3.8. Ní ọdún náà gan-an ni Intel pa èrò gígahẹ́ẹ̀sì 4 tì, ooru sì wà lára ohun tí ó dí i lọ́wọ́.

4. Ìwọ̀n ìgbóná àyíká

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí a ń kà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni a kọ ní ilẹ̀ tí ó tutù. Ká sọ pé nínú yàrá tí ó wà ní 20°C, aṣèṣirò kan tí ń jẹ 60 wáàtì dúró sí 85°C. Ó fi 65 ju àyíká rẹ̀ lọ. Gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìtòkú ní ọ̀sán oṣù kejì, nígbà tí afẹ́fẹ́ wà ní 34°C. Ìwọ̀n 65 náà kò yí padà. 34 pẹ̀lú 65 jẹ́ 99. Nǹkan bí 100°C sì ni ààlà ọ̀pọ̀ aṣèṣirò alágbèéká. Bí ó bá kan ààlà yìí, yóò fúnra rẹ̀ mú ìlù falẹ̀. Ìdẹwọ́ ni a pe èyí, nítorí pé bí òṣìṣẹ́ ti ń dẹwọ́ nínú oòrùn ni ó rí. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n eré á máa já lu ara wọn. Bí a bá fi gbèdéke ìjẹná sí 45 wáàtì, 65 yóò di nǹkan bí 49, ìwọ̀n ìgbóná yóò sì wà ní 83°C.

5. Ìgbésẹ̀

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a gbọn eruku ọyẹ́ kúrò nínú fáànù àti ihò afẹ́fẹ́, kí a sì gbé ìdí ẹ̀rọ sókè díẹ̀. Bí ọ̀rá tí ń gbé ooru láti ara aṣèṣirò lọ sí ara irin agbooru bá ti gbẹ, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí a pa gbèdéke ìjẹná. Aṣèṣirò Core i7-12700H ti 2022 ní 45 wáàtì fún iṣẹ́ pípẹ́ àti 115 fún eré àsápajúdé. Nínú Windows, bí a bá fi òkè ìwọ̀n iṣẹ́ aṣèṣirò sí 99 dípò 100 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní sá eré yìí mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ìdínkù fóltéèjì. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń ṣe é, bí i mílífóltì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fi iṣẹ́ líle dán an wò. Bí ó bá kéré jù, ẹ̀rọ yóò dákú. A ó tún un tàn, a ó sì dá fóltéèjì padà. Nítorí náà, kí a fi iṣẹ́ ọwọ́ pamọ́ ṣáájú. Lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí fi ihò ààbò kan tí wọ́n pè ní Plundervolt hàn ní December 2019, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni a ti ilẹ̀kùn yìí mọ́. Ní ti fífi fóltéèjì kún un, a kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe é nínú ẹ̀rọ alágbèéká. Òun ni ó lè ba aṣèṣirò jẹ́ pátápátá.

6. Ìgúnlẹ̀

Ó hàn gbangba báyìí pé “gbé gbèdéke ìjẹná sókè” àti “gbé fóltéèjì sókè” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ìdẹwọ́ yóò dáàbò bo ẹni tí ó bá ṣe ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ṣe èkejì lè máà rí ohun tí yóò gbà á. Bí a bá pe méjèèjì ní “agbára”, a ti tú ẹni tí ń ka ìwé wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àbá wa ni pé kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ dá “agbára” nìkan dúró fún ọ̀rọ̀ gbogboògbò, kí wọ́n sì fi ìlù, fóltéèjì, ìjẹná àti ìwọ̀n ìgbóná sí ipò wọn. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù wọ́n lọ, kí ó mú un wá, bí kò bá ṣáà ti da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.