Ṣílè Àtijọ́: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Sanwó



Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá aláṣọ wa tú ìdì kan sílẹ̀ níwájú wa. Ogún ṣílè ayé òyìnbó ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń dán yinrin, ọdún 1913 ló wà lára wọn. Wọ́n ti sọ fún Màmá pé fàdákà ni. Màmá ti kó owó ọjà wọn lé e, wọ́n sì fẹ́ fi ṣe ìdógò láti yá òmíràn. A kó o lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù. Kò sí ojúlówó kan ṣoṣo níbẹ̀! A kò fẹ́ kí irú èyí tún ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia sílẹ̀. Ṣílè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1913: orí Ọba George Karùn-ún ní ojú kan, igi ọ̀pẹ ní ojú kejì. Fàdákà ni nígbà náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà gbówó lórí, ni wọ́n bá ń fi idẹ ṣe é láti 1920. Láyé ìgbà yẹn pàápàá, àwọn kan ń rọ ayédèrú ṣílè idẹ nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Nàìjíríà ní owó tirẹ̀ ní 1959, ṣílè ọlọ́pẹ kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lónìí, àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ ló ń wá a, àwọn gbájúẹ̀ sì ti mọ̀.

Báwo la ṣe lè dá a mọ̀?

Èkínní, ẹ ka ọdún rẹ̀. Ṣílè 1926 tàbí 1938 kì í ṣe fàdákà, idẹ ni. Bí ẹnìkan bá fi ṣílè ọlọ́pẹ ti Ọba Edward Kẹjọ hàn yín, ẹ dá a padà fún un. Ọ̀nínì, eépìnnì àti kọ́bọ̀ onihò ti 1936 nìkan ni orúkọ ọba yẹn wà lára wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà H kékeré kì í ṣe àmì ayédèrú o; ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló ni ín.

Èkejì, ẹ wo etí rẹ̀. Ẹ̀rọ ló tẹ ojúlówó, ìlà wẹ́wẹ́ etí rẹ̀ dọ́gba yíká. Ọ̀pọ̀ ayédèrú, yíyọ́ ni wọ́n yọ́ ọ dà. Ẹ ó rí ojú ìdàpọ̀ ní etí, ihò wínníwínní lára, lẹ́tà rẹ̀ kò sì ní mú.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi wọ́n wéra. Ibí ni àṣírí ti tú: ogúnogún ló ní ọgbẹ́ kan náà lábẹ́ igi ọ̀pẹ. Owó tó ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣé ó lè ní ọgbẹ́ kan náà? Ara ẹyọ kan ni wọ́n ti ya gbogbo wọn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wọ̀n ọ́n. Ṣílè fàdákà jẹ́ gíráàmù 5.66. Ó lè jẹ díẹ̀, àmọ́ ti Màmá kò tó 5. Bí ẹ bá fi òwú so ó rì sínú omi lórí òṣùwọ̀n, ti fàdákà yóò dín ní nǹkan bí 0.55, idẹ tó wúwo bákan náà yóò dín ní nǹkan bí 0.66.

Ẹ̀karùn-ún, òòfà. Òòfà kì í fa fàdákà tàbí idẹ. Bí ó bá fà á, ayédèrú ni. Bí kò bá sì fà á, ẹ má tíì yọ̀, torí kì í fa òjé náà.

Ẹ má sì fi iyanrìn fọ owó àtijọ́ o. Àwọn tó ń rà á kò fẹ́ èyí tí wọ́n ti bó lára.

Ìgbìmọ̀ ti yá Màmá ní owó díẹ̀ lórí owó ìfipamọ́ wọn, kí ọjà wọn má bàa kú. Ṣùgbọ́n láti oṣù yìí lọ, a kò ní gba owó àtijọ́ ṣe ìdógò bí kò bá kọjá lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń ta ojúlówó kò ní bínú pé ẹ fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ní, "Ẹ yára, ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á," ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà rà á.

Ìfura loògùn àgbà. Ire o.