Red Cloud àti Òǹkọ̀wé Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Kan fún Àwọn Olùkọ́

Nígbà tí a bá gbọ́ pé ìlú kan fẹ́ bọlá fún òǹkọ̀wé tí ó jẹ́ ọmọ rẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn ni àgọ́, ìlù, àsè àti ọ̀rọ̀ gígùn láti ẹnu àwọn ẹni ńlá. A kò sọ pé èyí burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ká àgọ́ tán, kí ni ọmọ ilé ìwé tí ó bá wọ ilé ìkàwé ìlú náà ní ọjọ́ kejì yóò bá níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó mú kí á fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé wa, pàápàá jùlọ ẹ̀yin olùkọ́, sọ̀rọ̀ nípa ìlú kan tí ó ń jẹ́ Red Cloud, ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìlú náà kò tóbi. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,000 lọ. Abúlé lásán ni ará Ìbàdàn yóò pè é. Ní ọdún 1883 ni àwọn òbí Willa Cather kó o wá sí agbègbè náà láti Virginia, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Pápá tí ó tẹ́ rẹrẹ ni ó bá níbẹ̀, tí igi kò fi bẹ́ẹ̀ sí, àti àwọn àgbẹ̀ tí ó ti Bohemia, Sweden, Norway àti Jámánì wá. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òmíràn ń gbé inú ilé tí wọ́n fi ògúlùtu ilẹ̀ mọ. Kí ẹ má ṣe rò pé àwọn ará ìlú kà wọ́n sí. Àwọn ọmọbìnrin wọn ni ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé àwọn oníṣòwò Red Cloud, tí wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n sì ń dáná.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ni Annie Sadilek. Ní ilẹ̀ àjòjì náà ni bàbá rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Annie ṣe iṣẹ́ oko, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó padà lọ́kọ, ó sì bí ọmọ púpọ̀ ní oko. Ta ni yóò jókòó kọ ìwé nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀? Cather ni ó kọ ọ́. Lórí ìgbé ayé Annie ni ó gbé My Ántonia kà, ìwé tí ó jáde ní ọdún 1918. Ní ọdún 1923 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pulitzer nítorí ìwé mìíràn, One of Ours, èyí tí ó sọ ìtàn ọmọ àgbẹ̀ Nebraska kan tí ó bá ogun lọ sí ilẹ̀ Faransé.

Ní ọdún 1947 ni Cather kú ní New York. Kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe olówó kan, ni ó ṣáájú nínú iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ yìí. Olùkọ́ ni. Mildred Bennett ni orúkọ rẹ̀. Ó ti wá ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Inavale, abúlé kan tí kò jìnnà sí Red Cloud, ó sì rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn tí Cather fi ìgbé ayé wọn kọ ìwé ṣì wà láàyè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbàlagbà léèrè ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1951 ni ìwé tí òun tìkára rẹ̀ kọ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ní ọdún 1955, òun àti àwọn díẹ̀ mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti tọ́jú ìwé, lẹ́tà, àwòrán àti ilé tí ó jẹ mọ́ Cather. Ní ọdún 1955 yìí kan náà ni Annie kú. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tán ni Bennett tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀, ẹ ro iye ẹnu tí ìbá ti pa dé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Iṣẹ́ náà ti dàgbà. Láti ọdún 2017 ni ilé ńlá kan ti wà ní àárín ìlú náà, níbi tí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí ti lè rí àwọn lẹ́tà àti ìwé wọ̀nyí. Wọ́n tún gbọ̀ngàn àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1885 ṣe, níbi tí Cather ti sọ̀rọ̀ ní ọdún 1890 nígbà tí ó ń jáde ilé ìwé. Ní tiwa, èyí tí ó dùn mọ́ wa jùlọ ni pápá kan ní gúúsù ìlú náà, tí ó lé ní 600 éékà, tí ohun ìtúlẹ̀ kò bà jẹ́. Ọmọ tí ó ka ìwé nípa koríko yìí ní òwúrọ̀ lè lọ dúró sí àárín rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

A kò ní fi àbùkù pamọ́. Àwọn Pawnee, tí ó wà ní agbègbè náà kí àwọn àgbẹ̀ òyìnbó tó dé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú àwọn ìwé Cather. Ilé ìkàwé tí ó bá ń bọlá fún òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ lè sọ irú èyí fún àwọn tí ó wá kàwé.

Ẹnìkan yóò wí pé Amẹ́ríkà lówó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èló ni ó ná Bennett láti bi arúgbó léèrè ọ̀rọ̀? Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ máa ń bèèrè ilé ìkàwé lọ́wọ́ àwọn aṣòfin yín, ẹ kú iṣẹ́. Kí ẹ má ṣe dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba lè kọ́ ilé, kí ó sì kan pákó mọ́ ògiri. Àwọn ará ìlú ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí á kó sórí rẹ̀.

Ní oṣù December ọdún 1963 ni D. O. Fágúnwà kú, ọmọ Òkè-Igbó, tí òun náà jẹ́ olùkọ́. Ẹni tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ẹ̀yin olùkọ́ Òkè-Igbó àti Oǹdó, ta ni nínú àwọn ọmọ kíláàsì yín ni ó ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ọkùnrin yìí, tàbí tí ó mọ oko àti igbó tí ó wà níbẹ̀ ní ìgbà ayé rẹ̀? Ẹ rán àwọn ọmọ náà lọ bèèrè ní ọjọ́ Sátidé. Kí wọ́n kọ ọ́ bí àgbà náà bá ti sọ ọ́, ní ohùn ìlú náà gan-an, kí wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, kí ẹ sì kó o lọ sí ilé ìkàwé tí ó bá súnmọ́ yín jùlọ.